Abẹ́ Òkúta ni, Kì í Ṣe Orí Òkúta: Lẹ́tà sí Olùdarí Tó Wá Ya Fíìmù Lágboolé Wa

Sí ọ̀gá olùdarí tó wá ya fíìmù lágboolé wa ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ fíìmù kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, àgàgà lásìkò tí epo jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí à ń fi ẹ̀rù rà yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rántí mi. Èmi ni bàbá tó dé fìlà àdìrẹ, tó jókòó sórí àpáta lẹ́yìnkùlé, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wá bẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ikọ́ yín mọ́ra, a ti ń gba ohùn." Mo mú un mọ́ra. Ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà. Òun ni mo fẹ́ hú jáde báyìí, ní gbangba, torí gbangba lẹ̀yin náà gbé fíìmù yín sí.

Nígbà tí fíìmù náà dé orí YouTube, a pé jọ wò ó ní pálọ̀ Màmá Aláró. A gbé fóònù ọmọ-ọmọ wọn ti ife lórí tábìlì, bí èèyàn méjìlá sì ń forí gbárí níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyókù dára. (Mo purọ́. Ìyókù ò dára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti kọ́kọ́ wọ́ ni mo fẹ́ mú.)

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Dróònù gbéra, ó fò kọjá lórí Olúmọ, ó fi òrùlé páànù tó ti dípẹtà hàn wá, ó fi odò Ògùn hàn wá bí okùn, orin sì ń dún gbì-gbì-gbì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ABẸ́ÒKÚTA gàdàgbà sójú àwòrán. Lẹ́yìn náà, fèrè mọ́tò: píìì! Géètì ṣí, jíìpù dúdú wọlé, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ń pariwo lórí fóònù. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó dé àgbàlá wa, níbi tí arẹwà ọmọge kan ti ń fi ọ̀pá ro aró, ó wọ léèsì funfun, èékánná rẹ̀ gùn bíi ti àṣá.

Léèsì funfun, nídìí ìkòkò aró.

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Aláró ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ ara wọn sókè díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún gbé e sílẹ̀ sórí itan. Ọwọ́ náà dúdú títí dé ọrùn ọwọ́, etí èékánná rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn fi bírò fà á yípo. Láti ìgbà ọmọge wọn ni kò ti sí ọṣẹ tó lè ṣí i kúrò. Ọwọ́ yẹn gan-an lẹ ní kí wọ́n gbé kúrò níwájú kámẹ́rà. Mo wà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú yín ló ní, "Màmá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, aṣọ yín ti dọ̀tí, ó máa ba fíìmù jẹ́."

Aṣọ wọn ò dọ̀tí, ọ̀gá. Aró ló wà lára rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún nìyẹn, ìtàn ló sì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀ tí ẹ ò ní láti san kọ́bọ̀ kí ẹ tó yà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ̀yin ń to iná yín. Ọ̀pọ̀ aláró ní Ìtòkú ti kúrò nídìí ewé èlú tí à ń fi ṣe aró. Kẹ́míkà àti sóódà ni wọ́n ń lò, Màmá náà sì ń lò ó fún ọjà àwọn tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n ìkòkò èlú kan wà lẹ́yìnkùlé tí wọn ò fi sílẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa aṣọ ẹlẹ́kọ kan jáde lọ́jọ́ náà, èyí tí wọ́n ti fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sí lára. Bí aṣọ yẹn ṣe ń yọrí nínú ìkòkò, kì í ṣe búlúù. Ó rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n, aláwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ ìyeyè. Wọ́n gbé e sókè, omi ń kán, atẹ́gùn kàn án. Ibi tó ti ga jù ló kọ́kọ́ ṣú, ó wá ń ṣú bọ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójú wa, títí tí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Aró kì í di búlúù nínú ìkòkò. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, mi ò sì tíì rí i kí n má dúró wò ó.

Ohun tí aṣọ yẹn ń ṣe lẹ́yìn yín, ìran àkọ́kọ́ ló ń ṣe. Ẹ̀yin kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ ń bá géètì aládùúgbò ṣàdéhùn, torí jíìpù gbọ́dọ̀ wọlé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kàn mí. Láti 1993 títí fóònù fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣọ́ọ̀bù fídíò ni mo ní ní Láfẹ́nwá, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, kì í ṣe tuntun tó wà ní Láderin. Ọdún yẹn náà ni Túndé Kèlání, tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ìlú wa níbí, gbé fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde, àwọn èèyàn sì ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi kí kásẹ́ẹ̀tì tó kàn wọ́n. VHS la fi bẹ̀rẹ̀, a bọ́ sórí VCD, a bọ́ sórí DVD, ilẹ̀ wá ṣú mọ́ wa lọ́wọ́. Oníbàárà mi kì í gbẹ́kẹ̀ lé páálí. Páálí máa ń purọ́. Ẹni tó kọjá nínú fíìmù lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n á ya ojú rẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀ síwájú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Fi sí i, ká wò ó ná." Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ẹrù ọjà lórí àwọn mìíràn. Èmi ò ní wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí ẹsẹ̀ kejì bá ti wọlé, mo ti pa owó.

Ẹsẹ̀ yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́. Jíìpù ò mú un wọlé rí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò mú un wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó olówó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà nínú aṣọ ìsùn olówó iyebíye, tó ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Olówó ni, a ti gbọ́. Irú olówó wo? Ṣé ó ń ṣírò owó ata lójoojúmọ́ ni, àbí ó gbàgbé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀? Owó kì í ṣe ìwà.

Fíìmù kan wà, mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ lókìkí. Obìnrin kan ló jókòó sílẹ̀ lóru pẹ̀lú fìtílà, ó ń ka owó sí òkìtì mẹ́ta. Ó mú ẹyọ owó kan nínú òkìtì àkọ́kọ́, ó gbé e sórí òkìtì kẹta. Ó dúró. Ó tún mú ọ̀kan. Ìlẹ̀kùn dún, ó sì fi ọwọ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ wàrà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan, kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá alákàrà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, tó pọn ọmọ, ló kígbe: "Owó àjọ nìyẹn! Owó àjọ ló ń jí!" Ẹsẹ̀ kejì ti wọlé kó tó parí gbólóhùn náà. Ó yá kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ta ló sọ fún un pé alájọ lobìnrin náà? Kò sẹ́ni tó sọ. Òkìtì owó àti fìtílà ló sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìka tó ń lọ́ra kó tó gbé owó kejì. Ìka yẹn jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe olè látilẹ̀, ẹni tí nǹkan há mọ́ ni. Ẹ̀ ń rí i? Èèyàn ń ṣe nǹkan kan, ohun tó ń ṣe sì ń jẹ́rìí nípa rẹ̀.

Àwọn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń yá fíìmù lọ́wọ́ mi ló kọ́kọ́ fi Rear Window hàn mí, èyí tí Alfred Hitchcock darí ní 1954. Ẹ ti wò ó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ tún un wò. Aṣọ ojú fèrèsé ká sókè. Kámẹ́rà rìn yí àgbàlá tí ilé yí po ká: tọkọtaya kan sun ìta lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, aago jí wọn, ọkùnrin kan ń fá irùngbọ̀n, ọmọge kan ń jó bó ṣe ń múra. Kámẹ́rà padà wọlé. Òógùn bo iwájú orí ọkùnrin kan. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ti kọjá 90 lórí òṣùwọ̀n tiwọn. Wọ́n fi POP di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Kámẹ́rà kan tó ti fọ́ yángá wà lórí tábìlì. Fọ́tò ọkọ̀ eré ìje kan wà lára ògiri, táyà rẹ̀ ti yọ, ó ń fò bọ̀ tààrà sí ojú ẹni tó ya fọ́tò.

Gbogbo ìgbà yẹn, ọkùnrin náà ń sùn ni. Kò tíì la ojú, ká má tíì sọ ẹnu. Ṣùgbọ́n a ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, a ti mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kán, a sì ti mọ irú èèyàn tó jẹ́: ẹni tí kò ní yẹ̀ fún táyà tí fọ́tò bá wà ńbẹ̀. A ti mọ̀ pé kò lè jáde. Àgbàlá tí a kọ́kọ́ rìn yí ká yẹn nìkan ló kù fún un láti máa wò. Àyíká àti èèyàn ti so pọ̀, bí wọ́n bá gbé ọ̀kan kúrò, èkejì á wó.

Mi ò ní kí ẹ má fi ibi gbalasa hàn wá o. Sembène Ousmane, ará Senegal, fi ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gúnlẹ̀ sí etíkun ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ fíìmù La Noire de... ní 1966. Ó gbalasa tó. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́bìnrin kan láti Dakar sọ̀ nínú ọkọ̀ náà, a sì gbọ́ ohun tó ń rò nínú: ṣé ẹnì kan á wá pàdé òun? Lójú ẹsẹ̀, èbúté yẹn ò jẹ́ èbúté mọ́. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bani ni. Dróònù yín fò lórí ìlú wa, kò sì sí ẹnì kankan nílẹ̀ tó ń béèrè nǹkan kan.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá ni yóò máa ṣe báyìí. Ààlọ́ ìyá wa ńkọ́? "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" "Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo." Kó tó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó ti fi ẹni tí à ń lọ bá hàn wá, a sì ti mọ̀ pé aya rẹ̀ ń bẹ nílé. Ẹ wo ti babaláwo. Lẹ́yìn orúkọ àwọn awo, ohun tó kàn ni "a dífá fún lágbájá, níjọ́ tí ń fẹkún ṣe ìráhùn ọmọ." Orúkọ, ọjọ́, ohun tí ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ò ní dìde, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó padà rí ọmọ. Bí babaláwo yẹn bá ṣe bíi tiyín, ìran àpáta ni ì bá máa ké títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo mọ ohun tí ẹ lè fi ta kò mí. Ẹ ó ní ṣebí Hubert Ogunde náà kì í dédé wọ inú eré. Orin àti ijó ló máa ń fi ṣí i, òun tí àwọn ọmọ tíátà ń pè ní opening glee. Òótọ́ ni. Àwọn eégún alárìnjó pàápàá, ìjúbà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún jó kí eré gan-an tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Inú gbọ̀ngàn ni, tàbí gbàgede ọjà, èrò ń ya bọ̀, ẹni tó dé lẹ́yìn ń wá àga, ọmọ ń ké, ẹni kan ń bá ẹni kan jà nítorí owó ìwọlé. Ijó yẹn ló ń kó èrò jọ, tó ń mú ariwo rọlẹ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù yín lórí fóònù ti jókòó kí ẹ tó dé. Òun nìkan ni. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí kò rẹ́ni bá lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kejì tí mò ń sọ lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò náà sì ti lọ síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ Olúmọ wá kù. Èmi náà fẹ́ràn Olúmọ. Ẹ̀ ń bá ọmọ Ẹ̀gbá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí lorúkọ ìlú yìí? Abẹ́ òkúta ni, kì í ṣe orí òkúta. Ní 1830 tí Ṣódẹ̀kẹ́ kó àwọn baba wa dé ibí, abẹ́ àpáta yẹn ni wọ́n sá sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni dróònù ń yà. Inú ibẹ̀ ni ìtàn wà, níbi tí àjà rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó ga gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó wọlé, níbi tí wọ́n á ti fi ihò ara òkúta tí àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan nígbà ogun hàn yín. Bí ẹ bá ṣáà fẹ́ fi Olúmọ ṣí fíìmù, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olówó inú jíìpù yẹn gba ibẹ̀ kọjá, ká wò ó bóyá á bọ́ fìlà tàbí á fi fìlà gbá àpáta. Èyí tó bá ṣe nínú méjèèjì, a ti mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohùn. Ní ilé kejì sí wa, àwọn ọmọkùnrin méjì wà tó ń fi kùmọ̀ lu àdìrẹ kó lè dán. Ọ̀kan á sọ kùmọ̀ kalẹ̀, èkejì á gbà á: kí-kò, kí-kò, kí-kò. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ẹ bá já a sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, á mọ̀ pé Ìtòkú lòun wà. Ẹ fún wọn lówó kí wọ́n dákẹ́, kí ohùn yín lè mọ́. Ẹ fún mi lómi kí n má wúkọ́. Ẹ wá délé, ẹ fi gbì-gbì-gbì bò ó mọ́lẹ̀. Ta ló wá jèrè ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Ọmọge yín pàápàá, tó mọ eré ṣe, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ohùn Èkó ló fi kí ìyá Ẹ̀gbá ní kùtùkùtù. Àwọn ọmọ wa ṣì ń sín in jẹ títí dòní.

Ẹ lè sọ pé ẹni tó gbé owó kalẹ̀ ló fẹ́ dróònù, pé àwọn tó ń wo fíìmù lókè òkun fẹ́ rí ìlú. Ó dáa. Ẹ fi dróònù náà síbi tí a bá ti mọ ẹnì kan. Ẹ kọ́kọ́ fún wa ní ọwọ́ Màmá, aṣọ tó ń yí àwọ̀ padà nínú rẹ̀, ìró kùmọ̀ lẹ́yìn ògiri. Kí ẹnì kan pe orúkọ wọn láti ìta, kí wọ́n má dáhùn. Ìyẹn nìkan, èmi á béèrè pé èéṣe tí wọn ò fi dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fò dé ibi tó bá wù yín. A ó máa wá òrùlé Màmá láàárín gbogbo òrùlé yẹn.

Ó ku ọ̀kan, òun gan-an ló sì mú Màmá ní kí n kọ̀wé. Ọ̀pá tí ọmọge yín fi ro aró, ẹ gbé e lọ mọ́ ẹrù yín. Mo gbà pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ ìyá wọn ni Màmá ti gba ọ̀pá yẹn. Ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, ìdajì òkè ń dán nítorí àtẹ́lẹwọ́, ibì kan sì wà lára rẹ̀ tó ti jẹ wọnú, tó rí gẹ́lẹ́ bí àtàǹpàkò ṣe ń jókòó. Ohun tí kámẹ́rà fífọ́ ṣe nínú fíìmù 1954 yẹn, ọ̀pá yìí ì bá ṣe é fún yín. Nínú fíìmù yín, ọmọge náà dì í mú lókè téńté, kí aró má baà ta sí léèsì. Igi ìdáná ni Màmá ń lò báyìí, wọ́n ní kò bá àwọn lọ́wọ́ mu.

Ẹ bá wa fi ọ̀pá náà rán onímọ́tò tó bá ń bọ̀ ní Kútọ̀. Kó kàn ní ọ̀pá aró Ìtòkú lòun gbé dání, wọ́n á júwe ilé fún un.

Èmi ni,
Bàbá Fídíò, Láfẹ́nwá.